Oríkì Tó Kán Àgbò Lẹ́sẹ̀

Mo fi irin búra, òótọ́ pọ́nńbélé ni àlọ́ yìí. Ẹ má jẹ́ n tàn yín, irin ọ̀hún, ṣíbí ni.

Àgbò tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ fẹ́ bá Òbúkọ ojo jìjàkadì. Ẹni tó bá dá ẹnì kejì ni yóò jọba. Àgbò kì í na ara kó tó ṣe ìdánrawò, ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ tó ń to eegun bá a wọ́ ọ, ó sì dì í.

“Ọmọ mi, jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ yìí á san kó tó di ọjọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n bí o bá jó pẹ́nrẹ́n, á kán.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Òbúkọ náà gbọ́. Ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri Àgbò, ó gbé oríkì sí orin. Ẹ bá mi gbè é:

“Àgbò abìwo kàǹkà, ta ló lè mú ọ jókòó?”
Kò sí!
“Akọ nínú ẹran, ta ló lè ní kó o má jó?”
Kò sí!

Orí Àgbò wú. “Èmi mà ni wọ́n ń kì yìí! Ẹ jẹ́ n jó ẹyọ kan péré.” Ó fò sókè. Bó ṣe balẹ̀ báyìí, gbàù! Ẹsẹ̀ kán. Òbúkọ jọba láìja ìjà kankan.

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa níbẹ̀. Òbúkọ kọ́ ló kọrin. Àwọn ọ̀rẹ́ Àgbò ni, wọ́n wá bẹ aláìsàn wò.