Káàdì Olóògbé ní Ilé Tẹ́tẹ́ Orí Fóònù

Ní ìlú Ṣakí, ní òpópónà tó wà lẹ́yìn gáréèjì, ni Fọlárìn ọmọ Adégòkè ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Fọlárìn kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ojúkòkòrò ló ń bá a jà, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ilé lọ.

Bàbá rẹ̀ tó ń wa tirélà ti kú. Owó díẹ̀ wà ní báǹkì lórúkọ bàbá náà. Àwọn àgbà ẹbí pàdé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún báǹkì pé ó ti kú, torí báǹkì á ti akáǹtì pa, wọn á ní kí wọ́n lọ gba ìwé wá láti kóòtù, kóòtù á sì jẹ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe é. Wọ́n fi káàdì lé Fọlárìn lọ́wọ́, nítorí òun ni àrólé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni owó náà wà fún: ojú ìyá rẹ̀. Awọ funfun ti ń bo ojú obìnrin náà, dókítà sì ti dá ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ojú tó fọ́ pátápátá.

Fọlárìn wò ó pé owó ojú yìí lè bímọ kí ọjọ́ dókítà tó pé. Ló bá forí lé ilé tẹ́tẹ́ orí fóònù. Kò sáré o. Ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ó ń yẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbowó wò. Àwọn kan ní káàdì ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ gan-an nìkan ni àwọn ń gbà. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó wá kan èyí tó ní àwọn ń gba káàdì gbogbo báǹkì, àwọn ń gba tiransifá, kódà àwọn ń gba káàdì ìpè.

Lámídì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń lẹ táyà, yọjú wo fóònù náà. "Fọlá, o ti rí bí wọ́n ṣe ń gbà á. Báwo ni wọ́n ṣe ń san án?"

"Ìyàwó ò tíì dé, ìwọ ti ń bèèrè orúkọ ọmọ!"

"Ó dáa, alákọ̀wé. Mo ti pa ẹnu mi dé." Lámídì rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí táyà rẹ̀.

Fọlárìn fi káàdì bàbá rẹ̀ san ìdajì owó náà. Wọ́n gbà á kíá. Ó ta, ó jẹ. Ó tún ta, ó tún jẹ, títí ó fi ń rí ọ̀kadà tuntun lójú àlá. Nígbà tó fẹ́ gbowó jáde ni wọ́n kọ̀wé sí i: "Akáǹtì tí owó ti wá ni a ó san án sí. Kí ẹni tó ni káàdì gbé ojú síwájú fóònù, kí a ya fọ́tò rẹ̀."

Ojú wo? Ojú tó ti wà nínú ilẹ̀! Ẹni tó bá gbọ́n ì bá dákẹ́ níbẹ̀, kó gbà pé ìdajì ti lọ, kó di ìdajì tó kù mú. Fọlárìn rò pé bó ṣe rí nílé ló rí níbi gbogbo, pé ohun tó bá jẹ́ ti òkú, ti àrólé ni. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn: "Bàbá mi ti kú. Èmi ni àrólé. Ẹ san án fún mi."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ohun tí gbogbo ẹbí ti ń bò mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé owó náà, wọ́n sì fi tó báǹkì létí pé káàdì òkú ni. Báǹkì ti akáǹtì pa.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ dókítà pé, ìyá wẹ̀, ó múra, ọmọ fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn. Káàdì kò ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ pe báǹkì, ó ní, "Màmá, wọ́n ti ti akáǹtì yìí pa. Wọ́n ní olówó ti kú."

Ìyá yíjú sí ibi tó rò pé ọmọ òun dúró sí. "Àrólé mi, ta ló sọ fún wọn?"

Fọlárìn gba káàdì padà, ó fi í sápò.

"Mo ní ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni, Màámi."

"O ṣeun. Bàbá rẹ kọ́kọ́ kú, mo sọkún. Lónìí o tún pa á, o sì ti ta ojú tí mo máa fi sọkún."

Ẹbí lọ bẹ̀rẹ̀ ìwé ní kóòtù, ṣùgbọ́n kóòtù ṣì ń sún ọjọ́ síwájú. Ojú ò dúró de kóòtù. Ẹ̀wà sísè ni ìyá náà ń tà, kò sì ríran ṣa òkúta inú rẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkúta jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń kó o padà wá dà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú èébú. Ó palẹ̀ ọjà mọ́. Fọlárìn ló ń mú un lọ sí balùwẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, mi ò ní fi oyin sí i. Owó tí a fi pamọ́ fún ìlera ènìyàn kì í ṣe owó tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá sì ń gba owó yín láìbéèrè ohunkóhun, ẹ sá fún un. Igèrè tí wọ́n fi ń pẹja kì í bi ẹja lórúkọ kó tó gbà á wọlé. Ẹja tó bá pe ìyẹn ní inú rere, inú ọbẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.