Mólékù Tó Ń Lọ Kírun Jímọ̀

Ọdún kẹta rèé tí Hafeezah ti ń fi mólékù kan ṣoṣo há àárín ṣóńṣó góòlù méjì nínú láàbù kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Iná mànàmáná ń gba inú mólékù náà kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ó yẹ kó yí padà, kí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ sí i, kí ìlà ojú kọ̀ǹpútà sì fò sókè. Orí ìlà yẹn ni oyè dókítà rẹ̀ dúró lé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ìlà ò mira. Ó sunkún lọ́jọ́ kan, ó ní òun máa padà s'Áyépé lọ ṣe tíṣà.

"Ẹ fún un lọ́sẹ̀ kan sí i, Àǹtí," ni Waris, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ láàbù, wí.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì pé tí ìlà fi fò. Ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ni lójú, Waris sì kìlọ̀ pé òun nìkan ni kó máa ṣí àpótí tí gílóòbù rẹ̀ wà. Hafeezah á tẹ súwíìṣì ìmọ́lẹ̀ náà, Waris á jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìlà á fò. Ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ni kì í ṣiṣẹ́. Waris á ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Hafeezah á dá tẹ súwíìṣì títí, ìlà á sùn gbalaja.

"Mólékù wa náà ń lọ kírun Jímọ̀," ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ tí Waris bá dé.

Waris á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á máa nu tábìlì.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọ́ṣádé, tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò, ránṣẹ́ pé Jímọ̀ lòun ń bọ̀, Hafeezah bẹ̀ ẹ́ títí tí màmá náà fi gbà láti wá l'Ọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló tẹ súwíìṣì lójú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ìlà fò.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. O ti di dókítà."

"Ẹ ṣé, mà. Lẹ́yìn Ọlọ́run, Waris ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Waris ní òun ń lọ ra mínírà fún wọn. Ó ku ohun kan, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, kí òun kọ nọ́ńbà ara gílóòbù sílẹ̀. Hafeezah pa súwíìṣì, ó sì fúnra rẹ̀ ṣí àpótí.

Kò sí gílóòbù kankan níbẹ̀, àfi wáyà tín-ín-rín kan tó wá láti ara kọ̀ǹpútà, tó sì tún gba abẹ́ tábìlì lọ sí bọ́tìnnì kékeré nídìí àga Waris, Hafeezah sì mọ̀ pé ẹni tóun fọkàn tán jù láyé ló ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìlà náà sókè láti ọdún méjì.