Ẹ̀gbọ́n Ni Wọ́n Ń Mú

Ìyá Ìbejì ń gbálẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kó ọmọ lọ sógun tún yà sílé rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wọn ò tíì ká eyín, ọmọ ọdún mẹ́fà péré, àmọ́ ó ti kó sínú ogun àgbáyé, ó sì ń gba ẹ̀gbọ́n kan nílé kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ mú Táíwò lọ lésìí, ó kú sógun tí ò kàn wá. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ kú àráfẹ́rakù, mà," ẹ̀rọ náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Ìwé tí ẹ fi bẹ̀bẹ̀ fún un nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ ní Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Òótọ́ lẹ sọ."

Ìyá Ìbejì gbé ìgbálẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ ò yẹ̀.

"Àbúrò la ṣèèṣì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe ẹ̀gbọ́n."