Àbẹ́là Orí Pẹpẹ

Yàrá ìsàlẹ̀ ló móoru jù nílé Natividade. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ wọnú ilẹ̀, nítorí ní ìlú Furnas, níbi tí ooru ti ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ààrò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ri ìkòkò ẹran àti kókò mọ́ kó lè jinná. Ibẹ̀ ni Natividade fi Zulmira, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sí lẹ́yìn ìbímọ, pẹ̀lú ibùsùn ọmọ tí ìdílé ń lò, èyí tó jókòó sórí ilẹ̀ gan-an.

Zulmira kì í tẹ́ Tomé sínú rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì gíga, láyà ìyá rẹ̀, ni ọmọ náà ń sùn.

"Ọmọ yìí ò ní mọ̀ pé òun ní ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń sùn," ni Natividade wí lójú Gracinda, aládùúgbò wọn. "Àbẹ́là ẹ̀ tún ti kú! Ọmọ tí wọn ò tíì ṣèrìbọmi fún! Ṣé àjẹ́ lo fẹ́ pè wọlé ni?"

"Mò ń tàn án, Màmá. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni. Ó kàn ń kú ni."

"Ó kàn ń kú! Tèmi ò kú rí. Orí pẹpẹ yìí ló ń wà, á jó mọ́jú."

Ó gbé àbẹ́là náà sórí pẹpẹ lókè ara ògiri, ó tàn án. Ó jó dáadáa.

Gracinda ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Natividade bí Idalina àti Perpétua ṣáájú Belarmino, ọkọ Zulmira, pé àwọn méjèèjì sùn, wọn ò jí. Wọ́n ní oorun ìyá wọn ló wúwo, pé ó sùn lé wọn lórí. Láti ìgbà náà, tí àwọn obìnrin bá ti wà lódò gbígbóná, Natividade kì í lọ fọṣọ níbẹ̀.

"Belarmino nìkan ni mo kẹ́ bà jẹ́," ni Natividade wí. "Ẹ̀rù bà mí, àyà mi ló sùn títí tó fi rìn. Ojú ṣì ń tì mí. Ìwọ náà fẹ́ ba tìẹ jẹ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Gracinda wí. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Tomé, ìyá ẹ̀ á pọ̀n ọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Zulmira. Ó tẹ́ ọmọ náà sínú ibùsùn ìsàlẹ̀. Tomé sunkún díẹ̀, ó dákẹ́.

"Ṣé o rí i?" ni Natividade wí. "Ó ti sùn."

Belarmino wọlé, ó gbé àtùpà tó ti kú lọ́wọ́. Kànga ló ń gbẹ́.

"O tètè dé," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ilẹ̀ mí afẹ́fẹ́ burúkú sínú kànga lónìí, Màmá. Kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. A sọ àtùpà kalẹ̀, ó kú. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, á kàn sùn lọ ni."

Ó tan àtùpà náà lára àbẹ́là orí pẹpẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ síbi ibùsùn kó lè rí ojú ọmọ rẹ̀.

Àtùpà kú.

Belarmino jù ú nù, ó já ọmọ gbà nínú ibùsùn, ó gbé e sókè ju orí ara rẹ̀ lọ, ó ń mì ín, títí Tomé fi ké.

Natividade ò wo ọmọ náà. Pẹpẹ ló ń wò, níbi tí iná ti jó mọ́jú lókè orí Idalina nínú ibùsùn ìsàlẹ̀ yìí, tó sì tún jó mọ́jú lókè orí Perpétua.