Ìbéèrè Tí AI Bi Zulaihat

"Zulaihat ọmọ mi, owó orí tí mò ń san lórí owó háyà ilé Bẹẹrẹ yìí fẹ́ pa mí o."

Màmá Kúlúsúmù ló ń ráhùn bẹ́ẹ̀. Aṣọ òfì tó ń tà ní Òjé ló fi kọ́ ilé náà.

Akáńtáǹtì ni Zulaihat. Ó fa fóònù yọ, ó bi AI bí owó orí náà ṣe lè fúyẹ́.

AI ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níwọ̀n bí ọkọ màmá kò ti níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ó ní kí wọ́n fi ilé náà sórúkọ rẹ̀.

Ó wá béèrè: "Bí ọkọ bá kú, ṣé ẹlòmíràn wà tó lè bá màmá pín ogún rẹ̀?"

Ìka Zulaihat dúró lórí fóònù.

Alàájì, ọkọ màmá, ń wúkọ́ ní yàrá. Ọsibítù ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Zulaihat tẹ èsì: "Kò sí."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ fi sórúkọ Alàájì, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Èmi ò kúkú kàwé. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran."

Zulaihat mú ìwé tí lọ́yà ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ìjẹta jáde. Màmá fọwọ́ sí i.

Zulaihat ká ìwé náà sínú àpò.

Ó sọdá àgbàlá, ó wọ yàrá tó kọjú sí ti màmá.

Obìnrin tó bí i ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ìyálé mi ti fọwọ́ sí i?"