Òkú Ò Bá Èèyàn Jà

"Olè! Ẹ gbà mí o, ó fẹ́ pa mí!" Bàbá ta bọ́kẹ́ẹ̀tì nípàá, gbogbo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ dà sára ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Bàbá ò tíì wẹ̀. Egbò ìdí rẹ̀ ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì tó wá láti Odò-Ọwá ti ní bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ lónìí, á jẹ dé eegun. Àmọ́ láti ọdún mẹ́ta tí àrùn ìgbàgbé ti mú un, kò mọ ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Ó rẹ ọmọ náà débi tí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀: "Bàbá, ẹ ti kú! Òkú yín la fẹ́ wẹ̀."

Bàbá yéé jà. "Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Ẹ ò sì tètè sọ." Ó na gbọọrọ sórí bẹ́ǹṣì, ó dijú.

Ọmọ náà wẹ̀ ẹ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fọ egbò, ó fi oògùn sí i. Òkú ò janpata.

"Mi ò gbọ́ ẹkún," òkú ní. "Àwọn ọmọ mi dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ láti Èkó."

"Àwọn yẹn á kọ́kọ́ ra màlúù. Èyí tó ń tọ́jú mi nílé ńkọ́? Kò ní sunkún mi ni?"

Ọmọ náà ní kóun fi ṣeré. Ó káwọ́ lérí, ó ké pé, "Yéè, Bàbá mi o!" Ni ẹkún bá bú jáde lóòótọ́, kò sì dá mọ́.

Òkú la ojú kan, ó wò ó tàánútàánú.

"Ó tó, ìyá. Àbí ẹ mọ olóògbé rí ni?"