Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Aṣàyẹ̀wò

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni aṣàyẹ̀wò ìjọba máa ń wá wo ohun tí a bá ṣe nílé. Èyí tí kò bá wúlò, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó tẹ agboòrùn mi fọ́, èyí tí kì í ṣí àfi bí oòrùn bá wọ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣe é. Mi ò gbàgbé.

Lónìí, mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O ṣé," ni aṣàyẹ̀wò náà, Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè, dáhùn. "Ìyá Mọbọ́láńlé, kí ni ìwúlò rẹ̀?"

"Kò ní, sà. Ìkíni nìkan ló mọ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo rán an létí òfin ìjọba: a kì í fọ́ ẹ̀rọ tí kò bá tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, aṣàyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ lọ kó tó parí.

"Ẹ kú ìdúró, sà."

"O ṣé."

Ó jókòó.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

Ó nu òógùn.

"Ẹ kú oòrùn, sà."

Gbogbo àdúgbò ti pé jọ sẹ́nu géètì, wọ́n ń wò ó. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Ó ń dáhùn títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìgbà wo ló máa dákẹ́?"

"Ibẹ̀ ló ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo gbìyànjú kó lè dákẹ́, kò gbà. Ẹ̀rín ló ń pa mí."

Oòrùn wọ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to irin agboòrùn tuntun.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Ó payín keke.

"O ṣé."